Ìwẹ̀ ní Rumuokoro

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù Tẹjú dún. Ọjọ́ Sátidé ni, nínú oṣù kẹfà ọdún 2013, òjò sì ti ń rọ̀ ní Port Harcourt láti ọjọ́ mẹ́ta láìdá dáadáa. Tẹjú jókòó sí pálọ̀ ilé wọn ní Rumuodara, ọmọ tó bí ní ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn wà ní àyà rẹ̀, ó ń mu ọmú. Ilé kún. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti Okrika dé pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì láti wá wo ọmọ. Wọ́n gbé ìṣáwùrú àti ẹja gbígbẹ wá, wọ́n ró ìró jọ́ọ̀jì, iyùn wà lọ́rùn wọn, gbogbo pálọ̀ sì ń ta sánsán.

Màámi ló ń pè. Ìyá Tẹjú ti wọ ọkọ̀ ní Òṣogbo láti ìdájí àná; ó ń bọ̀ wá wẹ ọmọ tuntun, bí ìyá abiyamọ ti í ṣe. Ọkọ̀ wọn bàjẹ́ lẹ́yìn Ughelli, ilé epo kan ni wọ́n sì sùn mọ́jú.

"Tẹjú, mo ti dé Rumuokoro," ni Màámi wí. Ohùn rẹ̀ kéré, ó sì gbẹ, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. "Má rán ẹnikẹ́ni wá mú mi o. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń sanwó wẹ̀. Jẹ́ kí n wẹ ọ̀nà kúrò lára ná, kí n pààrọ̀ aṣọ, kí n tó wọlé. N óò fi ìwé àdírẹ́sì yín han ọlọ́kọ̀."

Ara Tẹjú balẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára pé ara òun balẹ̀. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó wo ìró jọ́ọ̀jì àti iyùn, ó sì dáhùn jẹ́jẹ́ pé, "Ó dáa, Màámi. Ẹ má kánjú."

Boma, ọkọ rẹ̀, yọjú láti ilé ìdáná. Ọmọ Okrika ni, kò gbọ́ Yorùbá ju kíkí àárọ̀ àti ìpè oúnjẹ lọ. Pidgin ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ó béèrè bóyá Mama ló pè. Ó ní òjò yìí pọ̀, kí òun kúkú fi mọ́tò lọ gbé wọn ní gáréèjì. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tẹjú gbé ọmọ sí ọmú kejì. Ó ní wọn ò tíì dé, ó ní ọ̀nà ni kò dáa.

Irọ́ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́. Boma fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó padà, ó sì lọ bá àwọn àlejò.

Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún tí Tẹjú àti Boma ṣègbéyàwó, nígbà tí Màámi kọ́kọ́ wá kí wọn. Nílé, ní Ìlá Ọ̀ràngún, Màámi kì í jáde láìfọ ẹsẹ̀. Bí ìyá kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì bá fẹ́ kọ́ ọmọ rẹ̀ ní aṣọ fífọ̀, Màámi ni wọ́n máa ń nawọ́ sí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kò mọ ẹni tó mọ́ yàtọ̀. Lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé ewúrẹ́ sábẹ́ àga nínú ọkọ̀, ewúrẹ́ sì tọ̀ sórí báàgì rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, ẹrẹ̀ sì ta bo ìró rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló tó dé ilé. Ìyá Boma wà ní pálọ̀. Màámi tẹ orúnkún díẹ̀ kí àna rẹ̀, wọ́n sì dì mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni ìyá Boma dìde, ó lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sì ṣí fèrèsé náà. Bóyá ooru ló mú un. Títí di òní, Tẹjú kò mọ̀.

Tẹjú ni kò lè mú un mọ́ra. Ó tẹ̀ lé Màámi wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màámi, ẹ̀ bá ti wẹ̀ níbì kan kí ẹ tó wọlé. Ẹ wo bí ẹ ṣe ń rùn níwájú àwọn àna mi. Ojú tì mí."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Màámi ń tú gèlè lọ́wọ́. Ó dá ọwọ́ dúró, ó wo ara rẹ̀ láti àyà dé ẹsẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló wọ aṣọ náà. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ, Àkànkẹ́. Má bínú."

Kò tún mẹ́nu bà á mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ní lọ́kàn láti lò, ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Nígbà tí Tẹjú bí Tèmiolúwa, àkọ́bí rẹ̀, Màámi fi ọṣẹ dúdú àti òrí rán ọlọ́kọ̀ kan, ó ní orúnkún ń dun òun, òun ò lè wá. Ìyá Boma ló wẹ ọmọ yẹn. Tẹjú mọ̀ pé kì í ṣe orúnkún. Ó mọ̀, kò sì fi ìgbà kan pe ìyá rẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Ó ń wí fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti tutù, pé bí òun bá tún fọwọ́ kàn án, ó lè tún gbóná. Ọdún gorí ọdún bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi yà á lẹ́nu nígbà tí Màámi ní òun ń bọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Lálẹ́ ọjọ́ tó di ẹrù, ó ka ẹrù náà fún un lórí fóònù bí ọmọ iléèwé tí ń ka ẹ̀kọ́ fún olùkọ́. Aṣọ àtijọ́ lòun yóò wọ̀ lójú ọ̀nà. Lèésì tí òun yóò wọ̀ wọlé ti wà nínú ọ̀rá, ọ̀rá náà sì wà nínú ọ̀rá mìíràn. Kànìnkànìn ń bẹ níbẹ̀, àti ọṣẹ, tówẹ̀lì, páúdà, pákò ìrunnu, àti ìborùn tí eruku kò fi ní dé orí. "Kò ní sí òórùn kankan lára mi," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Tẹjú náà bá a rẹ́rìn-ín. Ibi tó yẹ kó ti sunkún nìyẹn.

Aago méjìlá lù. Wọ́n jẹun. Ìyá Boma gba ọmọ lọ́wọ́ Tẹjú, ó gbé e lé orúnkún, ó sì béèrè ibi tí àna òun dé. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti fẹ́ rí obìnrin náà, àfi bí ẹni pé ó ń sá fún àwọn. Tẹjú ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Ó ń ṣe ìṣirò nínú ara rẹ̀: wíwẹ̀ kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, aṣọ wíwọ̀ kò ju mẹ́wàá, ọkọ̀ láti Rumuokoro kò jìnnà. Ó yẹ kí ó ti dé. Lẹ́ẹ̀mejì ló mú fóònù láti pè, lẹ́ẹ̀mejì ló gbé e sílẹ̀, nítorí Boma wà nítòsí. Bí ó bá pè, Boma yóò mọ̀ pé Màámi ti wà níbẹ̀ láti ìgbà yìí.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago kan lù, fóònù dún. Orúkọ Màámi ló yọ, ṣùgbọ́n ohùn tó jáde kì í ṣe ti Màámi. Obìnrin kan ni. Ó ní Chioma ni orúkọ òun, òun ló ni ilé ìwẹ̀ tó wà lẹ́yìn gáréèjì ní Rumuokoro.

"Madam, abeg come quick. Your mama don fall for my bathroom. She dey breathe, but she no dey talk well."

Tẹjú dìde. Àwọn ìyá náà ní abiyamọ ọlọ́jọ́ márùn-ún kì í jáde sínú òjò. Tẹjú fi ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá Boma, ó ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì tó kọ́kọ́ kàn án, ó sì ti wà nínú mọ́tò kí Boma tó rí kọ́kọ́rọ́ mú.

Wọ́n ti dé títì East–West kí Boma tó sọ̀rọ̀. Ó ní ṣebí Tẹjú sọ pé wọn ò tíì dé. Tẹjú wo iwájú, níbi tí ọ̀pá tí ń nu omi òjò ti ń lọ tí ó ń bọ̀ lára gíláàsì. Ó ní bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ọkọ̀ ti dí Rumuokoro pa. Wọ́n fi mọ́tò sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀, láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àti àwọn tó ń tajà lábẹ́ agboòrùn ńlá. Ilé ìwẹ̀ náà kò ju yàrá páànù mẹ́rin lọ, àgbá omi méjì wà níwájú, garawa sì tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Orí bẹ́ńṣì kan lábẹ́ òrùlé ni Màámi wà. Chioma ti fi ìró ti ara rẹ̀ bò ó. Irun Màámi tutù, ọṣẹ ti gbẹ sí ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀, ètè rẹ̀ sì ti là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Báàgì rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ńṣì, lèésì rẹ̀ wà lórí báàgì, nínú ọ̀rá rẹ̀ méjèèjì, kò tutù rárá.

Chioma ní garawa kan ló máa ń tó èèyàn, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni Mama sanwó fún. Òun gbọ́ bí ó ṣe ń fi kànìnkànìn ha ara rẹ̀, ó pẹ́, ó pẹ́, lẹ́yìn náà garawa ṣubú, òun ò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́. Òun ló ti ilẹ̀kùn wọlé.

Ọkùnrin kan dúró níbẹ̀, ó ga, ó ti tó ẹni ogójì ọdún, ó di agboòrùn mú sí apá ibi tí òjò ti ń fẹ́ sí bẹ́ńṣì. Ó kí Tẹjú ní Yorùbá. Ó ní Misbaudeen lòun ń jẹ́, ọlọ́pàá lòun, ibí yìí ni wọ́n gbé òun wá ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ Màmá lòun jókòó sí láti Òṣogbo, ó sì ṣòro fún òun láti lọ kí ẹni wọn tó dé.

"Ẹ̀bi mi ni díẹ̀, Àǹtí," ló wí. "Ní Orè, mo ra omi fún wọn, wọ́n ní rárá. Ní Benin, mo tún rà, wọ́n ní rárá. Mo rò pé ààwẹ̀ ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àárọ̀ yìí ni wọ́n tó sọ pé kì í ṣe ààwẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá mu omi, àwọn yóò tọ̀. Inú igbó làwọn yóò sì tọ̀ ọ́ sí, yóò ta sí àwọn láṣọ, àwọn yóò wá gbé òórùn rẹ̀ wọ ilé yín. Wọ́n ní ọmọ àwọn fẹ́ràn ìmọ́tótó púpọ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ tu èèyàn nínú. "Wọ́n ń fi yín yangàn ni, Àǹtí. Látàárọ̀ àná, ẹ̀yin ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn."

Tẹjú di ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì mú. Boma, tó ti ń gbé Màámi sọ́wọ́, béèrè ohun tí ọkùnrin náà sọ.

"Ó ní wọ́n gba ààwẹ̀," ni Tẹjú wí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta nìyẹn tó ti purọ́ fún Boma nípa Màámi. Tẹjú kàwé níléèwé àwọn ajíhìnrere. Ó mọ ọkùnrin inú Bíbélì tó sẹ́ ẹni tó fẹ́ràn jù lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó sì máa ń bínú sí i nígbà èwe rẹ̀. Àkùkọ kankan kò kọ ní Rumuokoro. Fèrè ọkọ̀ ló ń dún, òjò sì ń lu páànù.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan wà tí kò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n tẹ́ Màámi sórí bẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀sì àgbà kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè. Ṣé ó bì? Ṣé ó yàgbẹ́? Ìgbà wo ló mu omi kẹ́yìn? Boma dáhùn pé ààwẹ̀ ló gbà. Nọ́ọ̀sì ní ààwẹ̀ wo? Ṣé èyí tí wọ́n máa ń já nírọ̀lẹ́ ni? Bó bá jẹ́ pé ìyá yìí ti mu omi lánàá, á jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló gbé e ṣubú, bóyá nínú orí, bóyá nínú ọkàn, kí wọ́n tètè máa gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Bó bá sì jẹ́ pé kò mu ún, omi ló ń wá, ibí yìí náà ni wọn yóò ti fún un. Ó gbé ojú sókè, ó ní kí wọ́n sọ èwo ni òun yóò gbà.

Boma yíjú sí Tẹjú.

Tẹjú wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n mọ́ tónítóní dé ọrùn ẹsẹ̀. Màámi ti fi òkúta ha gìgísẹ̀ rẹ̀ kó tó ṣubú. Ó pupa, ó dán, bí ti ọmọ ọwọ́.

"Wọn ò mu omi láti ìdájí àná," ló wí fún wọn ní Pidgin. "Kì í ṣe ààwẹ̀. Èmi ni."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀, níbi tó dúró sí. Ó sọ ti ilé ìdáná lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kò dín in kù. Ó sọ ti fóònù aago mọ́kànlá. Ó ní nígbà tí Boma mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, Màámi ti wà ní Rumuokoro, òun mọ̀, inú òun sì dùn pé yóò wẹ̀ kó tó wọlé bá àwọn àlejò. Nọ́ọ̀sì náà kò gbójú sókè. Ó ń wá iṣan lọ́wọ́ Màámi, iṣan ti gbẹ, ẹ̀ẹ̀kẹta tó gún un ni abẹ́rẹ́ tó wọlé.

"Láti aago mọ́kànlá?" ni Boma bi í.

"Láti aago mọ́kànlá."

Boma jáde lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, kò pariwo. Ó ní, "O kò jẹ́ kí n ṣe ọmọ fún wọn." Ó fa àga, ó jókòó sí apá kejì bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ sì wà lára omi tí ń kán wọ iṣan Màámi títí ti àkọ́kọ́ fi tán.

Omi kejì ti ń kán nígbà tí Màámi la ojú. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni lèésì rẹ̀, bóyá òjò kò wọ̀ ọ́. Tẹjú ní kò wọ̀ ọ́. Màámi rí Boma lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rọra fa Tẹjú mọ́ra.

"Sọ fún ọkọ rẹ pé oòrùn ló pa mí."

"Òjò ló ń rọ̀, Màámi."

"Sọ fún un pé òjò ló pa mí nígbà náà."

"Mo ti sọ òótọ́ fún un."

Màámi pa ojú dé. "Kí lo wá sọ ọ́ sí? Ọ̀rọ̀ inú ilé ìdáná ni. Èmi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Tẹjú kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì. Àforíjì tó ti kó jọ fún ọdún mẹ́fà kò rí ẹnu gbà jáde dáadáa. Ó ń sọ ọ́ ní àbọ̀-àbọ̀. Màámi gbé ọwọ́ tí kò sí abẹ́rẹ́ lé e lórí, ó ní òun ti gbàgbé tipẹ́. Ọwọ́ náà ń ta òórùn ọṣẹ. Tẹjú sì mọ̀ pé ẹni tó ti gbàgbé kì í di aṣọ rẹ̀ sínú ọ̀rá méjì.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa lọ. Òjò ti dá. Màámi fẹ́ wọ lèésì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì lágbára láti ró ìró, kò sì jẹ́ kí wọ́n ró o fún òun ní wúruwùru. Ìró Chioma ló wà lára rẹ̀ délé. Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ ọ̀gbàrá lẹ́nu géètì, ẹrẹ̀ sì bo àtàǹpàkò rẹ̀. Ó dúró. Ó béèrè bóyá ẹ̀rọ omi kan wà lẹ́yìnkùlé, kí òun fọ ẹsẹ̀ díẹ̀, kí òun gba ibẹ̀ wọlé.

Tẹjú dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní iwájú ni wọn yóò gbà.

Ìyá Boma ti dìde kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ọmọ tuntun fún àbúrò rẹ̀, ó la ọwọ́ méjèèjì, ó sì dì mọ́ Màámi, ó pẹ́ kó tó tú u sílẹ̀. Ó mú un jókòó, òun náà sì jókòó tì í lórí àga kan náà, èjìká wọn ń kanra. Ó ní àna òun ti wọ́n jù, kí ló dé tó ń fi ojú pamọ́ fún òun láti ọjọ́ yìí? Màámi kò gbọ́ Pidgin tó bẹ́ẹ̀, ó kàn ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi etí ìró Chioma bo àtàǹpàkò rẹ̀.

Ìyá Boma ní kí wọ́n gbé omi wá. Tẹjú bu omi sínú ife gíláàsì, ó gbé e lé àwo, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Màámi gba ife náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n kó tó gbé e kan ẹnu, ó gbé ojú sókè, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, bí ọmọdé ṣe í wo ojú àgbà kó tó ki ọwọ́ bọ àwo.

"Ẹ mu, Màámi," ni Tẹjú wí.

Màámi mu ẹ̀kán kan. Ó tún wò ó.

"Ẹ mu ún tán."

Ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára Tẹjú, títí ife fi gbẹ. Tẹjú ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ife lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.